Òbúkọ Tí Mo Fi Kọ̀ǹpútà Rán Lọ Sọ́dọ̀ Dókítà Eléyín

                                        Ilé Olójúlé Méjì,
                                        Ẹ̀yìn Ọ́fíìsì Ẹgbẹ́ Ọlọ́sìn Ewúrẹ́.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún.

Ọ̀rẹ́ mi Ẹlẹ́sẹ̀-Gígùn, ẹni ọ̀wọ́n bí ojú,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ara ńkọ́? Orúnkún tó ń dùn ọ́ ńkọ́, ṣé ó ti gbà kí o máa gun àtẹ̀gùn ilé ọmọ rẹ, àbí ìsàlẹ̀ ni wọ́n ṣì ń gbé oúnjẹ wá bá ọ bí ẹni tó ń ṣọ́ géètì? Ìyá àwọn ọmọ ńkọ́? Ọmọ rẹ obìnrin tó gbà ọ́ sílé ńkọ́? Ọkọ rẹ̀ tí kì í sọ̀rọ̀ ńkọ́, ṣé kò tíì sọ̀rọ̀? Àwọn ọmọ-ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí tó gé irun rẹ nígbà tí o sùn lọ lórí àga? Ṣé irun náà ti hù? Àwa níbí, a dúpẹ́. Ara mi le, etí mi ń gbọ́, ìyá ilé mi sì ń kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun àti èmi kò fi bẹ́ẹ̀ bá ara wa sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí òbúkọ ti ń gbé lọ́dọ̀ wa. Màá dé orí ìyẹn.

O mọ̀ pé n kò kàwé. Ìyàwó ọmọ mi, tó tún jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ń sọ, ó ń kọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti dùn, èmi ni mo sọ ọ́. Ibi tó bá ti dà bíi pé mo jẹ̀bi, òun ló fi tirẹ̀ kún un.

Ìdí tí mo fi ní kó mú bírò ni pé mo gbọ́ pé ìròyìn ti ṣáájú mi dé ọ̀dọ̀ rẹ. Wọ́n ní wọ́n sọ fún ọ pé òbúkọ lé mi gun orí àga nílé ìtọ́jú eyín. Irọ́ ńlá ni. Orí tábìlì ni. Ẹni tó bá fẹ́ ròyìn, kó ròyìn bó ṣe yẹ.

Jẹ́ kí n mú un láti ìpìlẹ̀. Kí o tó kó lọ, ṣebí a ti ń sọ ọ́ pé àwọn òbúkọ wa kéré, pé ewúrẹ́ wa ń bí ọmọ tó kéré bí eku. Lẹ́yìn tí o lọ, a pawọ́ pọ̀ ra òbúkọ ńlá kan. Òbúkọ ni mo pè é yìí, ṣùgbọ́n bí o bá rí i, wàá kí i. Etí rẹ̀ gùn dé àgbọ̀n, irùngbọ̀n rẹ̀ kún ju ti adájọ́ lọ, ó sì máa ń wo ènìyàn bí ẹni pé ènìyàn náà ló pẹ́ dé. Nítorí náà la ṣe sọ ọ́ ní Ọ̀gbẹ́ni. Òórùn rẹ̀ nìkan ni kò bá ipò rẹ̀ mu. Bí ó bá wà ní ìkóríta, ẹni tó wà ní yàrá ti mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni Ọ̀gbẹ́ni ń lò nílé ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí àwọn abo ewúrẹ́ ilé náà lè lóyún. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, awakọ̀ ẹgbẹ́ á fi ọkọ̀ gbé e dé ẹnu géètì ẹni tó kàn, á sọ ọ́ kalẹ̀, á fọn fèrè, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀gbẹ́ni á fúnra rẹ̀ wọlé. Kò sẹ́ni tó ń júwe ọ̀nà fún un.

Ara ògiri ọ́fíìsì la ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ ẹni tó kàn sí tẹ́lẹ̀. Ìjà ni ṣáá. Alágbàfọ̀ ló pariwo jù, obìnrin tó ń fọṣọ ní òdìkejì títì. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá fara ti ògiri á gbé orúkọ òun lọ lẹ́yìn ẹ̀wù, òun náà ni wọ́n á sì tún gbé ẹ̀wù náà wá fún kí òun fọ̀ ọ́.

Bí ìyàwó ọmọ mi ṣe wọ ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Ó mọ kọ̀ǹpútà. Ẹgbẹ́ ní kó wá ṣe akọ̀wé wa fún oṣù díẹ̀, kí a wò ó ná. Akápò ẹgbẹ́ kò fẹ́. O mọ Akápò, ẹni tí kì í lo ohun tí bàbá rẹ̀ kò lò. Èmi alága ni mo dúró lórí rẹ̀, nítorí iṣẹ́ yìí ló mú òun àti ọmọ mi padà wálé. Bí iṣẹ́ bá bọ́, ìlú ńlá ni wọ́n ń padà sí, wọn á sì gbé ọmọ-ọmọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ orúkọ mi í pè lọ. Ṣé o rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju ewúrẹ́ lọ.

Ó ṣe ojú ewé kan fún ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà. Fọ́ọ̀mù ló ń pè é. Orúkọ rẹ wà níbẹ̀, àwòrán ojú rẹ, ilé rẹ, iye ewúrẹ́ rẹ. Ìtò ẹni tó kàn, pẹ̀lú ipò ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́, wà nínú ìwé mìíràn tó kún fún àpótí kéékèèké bíi kéréètì ẹyin. Ó ní orúkọ òyìnbó kan tí kò dúró lẹ́nu mi. Ìwé alápòótí ni mo ń pè é.

Ọjọ́ kan, ojú Akápò náà ló ṣe, ìyàwó ọmọ mi bi mí pé báwo ni mo ṣe fẹ́ kí ìwé alápòótí yìí máa hàn lójú fọ́ọ̀mù. Ó ní, "Bàbá, ọ̀nà méjì ló wà. A lè gbé e sínú fọ́ọ̀mù pátápátá. A sì lè fi í sílẹ̀ láyè rẹ̀, ká so fọ́ọ̀mù mọ́ ọn, kó máa wò ó láti ibẹ̀."

Mo ní, "Okùn wo lo fẹ́ fi so ó?"

"Kò sí okùn, Bàbá."

"O so nǹkan, kò sí okùn. Akápò, ṣé o ń gbọ́?"

Akápò ní òun ń gbọ́, òun kò sì tíì gbọ́ irú rẹ̀ lára ògiri.

Mo wá là á yé ìyàwó ọmọ mi pé ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Bàbá mi kì í fi irúgbìn sílẹ̀ níta kó wá máa yọjú wò ó láti fèrèsé. Inú àká ló ń kó o sí. Ohun tó wà nínú ilé ni teni, ohun tó wà níta, ti ẹyẹ ni. Mo ní kó gbé e sínú.

Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ná. Bí mo bá gbé e sínú, ẹ̀dà rẹ̀ ló máa wà níbẹ̀. Bí mo bá yí èyí tó wà níta padà lọ́la, èyí tó wà nínú kò ní mọ̀."

"Báwo ni ará ilé kò ṣe ní mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀?"

"Bí ẹni tó tilẹ̀kùn sùn ni, Bàbá."

"Ẹni tó sùn á jí. Gbé e sínú."

Ó gbé e sínú. Ó sì ṣe é dáadáa. (Ó ní kí n má yin òun nínú lẹ́tà, mo ní kó kọ ohun tí mo sọ.) Ó kọ́ mi ní ibi tí mo máa tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, tí ìtò á là wàà bí ẹni ṣí àpótí aṣọ, àti ibi tí mo máa tẹ̀ tí ẹ̀rọ á fi pọ ìwé jáde. Ìka mi tó ti di èèkù ọkọ́ yìí kọ́ ọ, ọ̀rẹ́ mi. Ohun kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé, nítorí a gbé ìtò sínú fọ́ọ̀mù gbogbo ènìyàn, kọ̀ǹpútà wúwo. Bí a bá ṣí i, á máa mí bí ewúrẹ́ tó fẹ́ bí ìbejì. Ìyẹn pàápàá dùn mọ́ mi nínú. Mo ní ó ti yó nìyẹn.

Kò pẹ́ tí Dókítà Eléyín wá sí ọ́fíìsì. Ọmọ ẹgbẹ́ lòun náà, o mọ̀ ọ́n dáadáa, òun ló yọ eyín rẹ tó ń dùn ọ́, tó tún yọ èyí tí kò dùn ọ́ kún un. Ó ní àwọn wolé-wolé ń bọ̀ wá yẹ ilé ìtọ́jú òun wò bóyá ó mọ́ tó kí òun ṣí yàrá tuntun, ọ̀sẹ̀ tí Ọ̀gbẹ́ni sì máa wà lọ́dọ̀ òun ló bọ́ sí. Ó bẹ̀ wá kí Ọ̀gbẹ́ni má ṣe dé àdúgbò òun rárá. Alágbàfọ̀ ní kó mú ọ̀sẹ̀ tòun, kí òun mú tirẹ̀, nítorí ewúrẹ́ kan ṣoṣo tí òun ní ti ń wá akọ. Gbogbo wa gbà. Ìyàwó ọmọ mi yí i padà nínú ìwé alápòótí, èyí tó wà níta. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó gbé e sórí tábìlì, ó fi ife tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, mo fẹ́ gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára láàárọ̀ Ajé. Bí awakọ̀ bá dé, ìwé yìí ni kẹ́ ẹ fún un. Bàbá, ìwé yìí o."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo sì gbọ́ lóòótọ́.

Nígbà tí Ajé dé, mo wo ìwé náà. Ìta ló sùn sí láti ọjọ́ tó ti wà níbẹ̀, eṣinṣin ti bà lé e, ìdí ife ti fi òrùka sí i lójú. Mo wo kọ̀ǹpútà, níbi tí tiwa wà ní inú lọ́hùn-ún, tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́ sí i. Ìwọ náà sọ ọ́, èwo ni ọmọ àgbẹ̀ máa gbà gbọ́? Yàtọ̀ sí ìyẹn, awakọ̀ ti dé, mo sì fẹ́ kó rí mi bí mo ṣe ń ṣe é. Mo tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀. Kọ̀ǹpútà mí, ó mí, ó là. Mo tẹ ìkejì. Ìwé jáde, ó gbóná fẹ́lífẹ́lí bí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná.

Awakọ̀ ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ṣe èyí?"

Mo ní, "Ta ló tún wà níbí?"

Ó gba ìwé, ó kà á, ó gbé Ọ̀gbẹ́ni, ó lọ. Mo ká èyí tó wà lórí tábìlì sí mẹ́rin, mo fi ti ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì.

Oòrùn kò tíì mú tí Alágbàfọ̀ fi já wọlé, ọṣẹ dé ìgúnpá rẹ̀. "Alága, àlejò mi dà?"

"Ó ti wà lọ́dọ̀ rẹ."

"Ọ̀dọ̀ mi wo? Ewúrẹ́ mi ti ń ké láti àárọ̀, àwọn aládùúgbò rò pé mo ń dúńbú rẹ̀! Mo ti wẹ̀ ẹ́ o, Alága. Mo ti ya irun rẹ̀!"

Bó ṣe ń sọ ọ́ ni fóònù mi dún. Dókítà Eléyín ni. Kò kí mi. Ó kàn ní, "Bàbá, ẹ wá gbé nǹkan yín."

Ọ̀rẹ́ mi, mo sáré. Èmi! Mo kọjá níwájú àwọn tó ń ṣe bàtà, wọ́n dìde, wọ́n rò pé iná ló ń jó. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, òórùn ti ṣàlàyé fún mi. Ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ewúrẹ́ Dókítà wà, tí Ọ̀gbẹ́ni máa ń gbà wọlé, ni wọ́n tì nítorí ọ̀dà tuntun, ó bá gba ẹnu ọ̀nà iwájú bí ọmọlúàbí. Ó kọjá láàárín àwọn tó ń dúró de dókítà. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú tí kò sì lè la ẹnu láti ìjẹta. Ó là á. Dókítà fúnra rẹ̀ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun rí eyín tó ń dùn ún láti òdìkejì yàrá.

Nígbà tí mo wọlé, Ọ̀gbẹ́ni wà lórí àga ìtọ́jú. Wọ́n ti tan iná ńlá yẹn sílẹ̀ láti fi han àwọn wolé-wolé, ó ń tàn sí i ní irùngbọ̀n, ó ń jẹ ìbọ̀wọ́ kan díẹ̀díẹ̀, ó sì jókòó bí ẹni tó ti gba káàdì. Àwọn wolé-wolé, obìnrin méjì nínú aṣọ funfun, wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù.

Mo gbé ohùn aláṣẹ jáde. Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni! Sọ̀kalẹ̀!"

Ó sọ̀kalẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ló sọ̀kalẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tábìlì ti wọlé.

Mo wà lórí rẹ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn wolé-wolé fi yọ orí láti ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ní, "Bàbá, ta ni yín?"

Mo ní, "Alága."

Ó ní, "Alága kí ni?"

Ọ̀rẹ́ mi, mo nawọ́ sí Ọ̀gbẹ́ni.

Alágbàfọ̀ ló gbà wá. Ó ti tẹ̀lé mi pẹ̀lú ewúrẹ́ rẹ̀. Ewúrẹ́ náà ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lẹ́nu ọ̀nà, Ọ̀gbẹ́ni sì fi èmi àti tábìlì sílẹ̀, ó tún irùngbọ̀n rẹ̀ ṣe lára ògiri tuntun, ó bá a lọ. Àwọn wolé-wolé ní kí Dókítà Eléyín fọ gbogbo ilé, àwọn á padà wá. Wọn kò wo ojú mi nígbà tí wọ́n ń jáde.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n pe ìpàdé sí ọ́fíìsì. Dókítà Eléyín sọ tirẹ̀. Akápò wá dìde pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì nínú àpò ẹ̀wù. Ó ní, "Ògiri kò gbé òbúkọ lọ sílé ìwòsàn rí. Kí kọ̀ǹpútà máa lọ, kí ẹni tó gbé e wá náà tẹ̀lé e." Orí bẹ̀rẹ̀ sí í mì káàkiri.

Èmi ni mo kọ́kọ́ fèsì. Mo ní kọ̀ǹpútà ló tàn wá. N kò purọ́, mo kàn dá ọ̀rọ̀ dúró níbẹ̀ ni. Wọ́n bá kọjú sí akọ̀wé, pé kí ni ó rí sọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kó sọ, kó ní, "Bàbá ni." Ó wò mí. Ó wo bírò ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú. Ìwé tó dé ọwọ́ awakọ̀ kọ́ ló yẹ kó dé ọwọ́ rẹ̀." Ó jókòó. Awakọ̀ ń wúkọ́ lẹ́yìn bí ẹni tí eegun há lọ́fun.

Akápò ní, "Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó máa lọ, kó nawọ́."

Ọwọ́ ń gòkè. O mọ̀ mí, Ẹlẹ́sẹ̀-Gígùn. Èmi tí mo dúró sínú òjò títí ó fi dá nítorí mo ti sọ pé kò ní rọ̀. Ẹ̀yìn mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ láti tọrọ àforíjì, ó ti le. Ṣùgbọ́n mo rí ọmọ-ọmọ mi lẹ́yìn ìyá rẹ̀, tí abẹ́rẹ́ ti mú kí apá rẹ̀ wú, tó ń sùn. Mo fìbínú dìde.

Mo ní, "Ẹ sọ ọwọ́ yín kalẹ̀! Ta ló ní kẹ́ ẹ máa pín àṣìṣe mi fún ẹlòmíràn? Èmi ni mo ní kó gbé e sínú! Ó ní á sùn, mo ní á jí! Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ jáde, ìka mi yìí! Èyí tó tọ̀nà ńkọ́? Abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì ni mo fi í sí, ẹ bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó! Mo ṣe é fúnra mi, kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ mi!"

Akápò bẹ̀rẹ̀, ó fa ìwé náà yọ. Tábìlì fì, omi inú ife dà sí àyà rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì àpò rẹ̀ di ẹ̀kọ. Alágbàfọ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Akápò, gbé ẹ̀wù yẹn wá lọ́la." Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó tún lè nawọ́ kó dúró ṣinṣin. Dókítà Eléyín pàápàá ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ọwọ́ bo eyín.

Akọ̀wé dúró sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ní kó má ṣe é wò mọ́, kó kúkú máa ṣe é lọ. Èmi ni wọ́n yọ. Alágbàfọ̀ ni alága wa báyìí. Wọ́n fi mí ṣe olùtọ́jú Ọ̀gbẹ́ni, pé ọ̀dọ̀ mi ni kó máa sùn nígbà tí kò bá sí ẹni tó kàn. Mo sọ fún ìyá ilé mi pé ìgbéga ni. Ó kó ẹní rẹ̀ lọ sí yàrá kejì.

Láàárọ̀ yìí, ìyàwó ọmọ mi pè mí wá wò ó. Ó ti so ìwé alápòótí mọ́ fọ́ọ̀mù bó ṣe fẹ́ ẹ látijọ́, kọ̀ǹpútà kò sì mí mọ́. Ó ní kí n máa wò. Ó lọ sínú àpótí kékeré tí wọ́n kọ ipò mi sí nínú ìwé náà, ó fi "tẹ́lẹ̀" kún "Alága". Ó ṣí fọ́ọ̀mù mi. N kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo rí i pé ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán mi ti gùn sí i. Mo lọ wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà. Mo wo abẹ́ tábìlì. Mo ní kó tún un ṣe. Ó yọ ọ́ kúrò, ọ̀rọ̀ náà kúrú. Mo ní kó fi í padà, ó gùn. Kó yọ ọ́, ó kúrú.

Ibi tó kúrú yẹn ni Alága tuntun wọlé bá wa. Alágbàfọ̀ wo ojú fọ́ọ̀mù, ó wo ojú mi, ó nu ọwọ́ nù lára aṣọ. Ó ní, "Akọ̀wé, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ di ìgbà oúnjẹ ọ̀sán." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo fa àga mi súnmọ́ ọn, mo nà tàntàn, mo sì ṣe alága títí wọ́n fi gbé oúnjẹ dé.

Bá mi kí ìyá àwọn ọmọ, kí o kí ọmọ rẹ, kí o kí ọkọ rẹ̀, bí kò bá tilẹ̀ ní dáhùn. Sọ fún ọmọ-ọmọ rẹ tó mọ irun í gé pé iṣẹ́ wà fún un níbí, irùngbọ̀n kan ti gùn jù. Tọ́jú orúnkún rẹ. Fèsì kíákíá, kí o sì kọ ọ́ gígùn, nítorí ìyá ilé mi kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀.

Èmi ni tìrẹ, tí a jọ dàgbà tí a kò gbọ́n,

Olóríkunkun, ọmọ àgbẹ̀
(ìka àtàńpàkò mi nìyí nísàlẹ̀, àtọwọ́ ara mi ni)